Kí O Tó Ya Tátúù: Awọ Ara Ni Kí O Kọ́kọ́ Wò, Kì Í Ṣe Àwòrán

Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tó fẹ́ ya tátúù ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á rí àwòrán tó wù wọ́n, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ya á, wọ́n á dúnàádúrà, ó di ọjọ́ Sátidé. Wọ́n ti fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe iwájú. Awọ tí wọ́n fẹ́ ya á sí ló ń sọ bí tátúù yóò ṣe rí ní ọdún márùn-ún sí i, lẹ́yìn náà ni ọwọ́ tó yà á àti irinṣẹ́ tó lò. Àwòrán ló gbẹ̀yìn. Bí a ṣe to ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yìí nìyẹn. Fi oṣù méjì sílẹ̀ fún ìmúra, ó kéré tán, nítorí àwọn nǹkan kan wà níbẹ̀ tí kò ṣeé fi ìkánjú ṣe.

Ohun tí abẹ́rẹ́ ń ṣe

Abẹ́rẹ́ tátúù kì í fa ilà sójú awọ; ó ń gún un ni, léraléra, ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìpele kejì awọ ara ni íǹkì ń lọ, nǹkan bíi mílímítà kan sí méjì sísàlẹ̀. Ìpele òkè máa ń re, tuntun á sì rọ́pò rẹ̀, nítorí náà íǹkì tó bá dúró síbẹ̀ á bá èépá lọ. Èyí tó bá dé ìpele kejì, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń dáàbò bo ara á gbé e mì, wọ́n á sì dì í mú síbẹ̀. Ìdí tí tátúù fi ń pẹ́ lára nìyẹn. Bí abẹ́rẹ́ bá jìn jù, íǹkì á ṣàn wọ inú ọ̀rá abẹ́ awọ, etí ilà á sì ràn bí íǹkì bíírò ṣe ń ràn lórí tíṣù. Kò sí ìpara tó ń dá ìyẹn padà.

Kóló tí àwọn obìnrin ayé àtijọ́ ń kọ sára, abẹ ni olóólà fi ń gé e kó tó fi nǹkan dúdú ra ojú rẹ̀. Irinṣẹ́ yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ ni méjèèjì, ara kan náà ló sì ń wò ó sàn. Nítorí náà, àpá tó ti wà lára rẹ tẹ́lẹ̀ lè sọ púpọ̀ fún ọ.

Ka àpá ara rẹ

Dúró sínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí o wo ibi márùn-ún wọ̀nyí, kí o sì fi ìka kàn wọ́n: ojú abẹ́rẹ́ BCG tí wọ́n gún ọ ní apá nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́, ihò etí, ojú gbẹ́rẹ́, bí wọ́n bá ti sín ọ rí, abẹ́ àgbọ̀n tàbí ẹ̀yìn ọrùn níbi tí bíléèdì ti ń kàn ọ́, àti ojú iṣẹ́ abẹ tàbí ọgbẹ́ ńlá èyíkéyìí.

Bí àpá náà bá tẹ́jú mọ́ awọ, ara rẹ ń sàn dáadáa. Bí ó bá ga díẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò kọjá ibi tí ọgbẹ́ wà, irú àpá bẹ́ẹ̀ sábà máa ń rọlẹ̀ bí oṣù ti ń gorí oṣù. Ẹ̀kẹta ni kí o bẹ̀rù: àpá tó wú bíi kókó, tó ń dán, tó ń yún, tó sì ti tàn kọjá ibi tí ọgbẹ́ pin sí. Keloid nìyẹn. Ó wọ́pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú ju lára àwọn aláwọ̀ funfun lọ, ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Àwọn ibi tó fẹ́ràn jù ni etí, àgbọ̀n, agbedeméjì àyà, èjìká àti òkè ẹ̀yìn. Ẹ wo bó ṣe jẹ́ pé àyà àti èjìká yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fẹ́ ya tátúù sí.

Keloid kì í yọjú lójú ẹsẹ̀. Ó lè tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí ọgbẹ́ bá ti jiná kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó sì lè tó ọdún kan. Nítorí náà, etí tí o lu ní oṣù tó kọjá kò tíì jẹ́ ẹ̀rí. Àwọn oníṣẹ́ kan máa ń fi abẹ́rẹ́ tó mélòó kan wò ní ibi tó pamọ́, kí wọ́n lè mọ bí ara ṣe máa ṣe é. Ìyẹn dára fún mímọ̀ bóyá íǹkì ń yún ọ, ṣùgbọ́n àmì kékeré tó jiná dáadáa kò sọ pé àwòrán ńlá náà yóò jiná bẹ́ẹ̀.

Ìmọ̀ràn wa kò lọ́jú pọ̀: bí ìwọ fúnra rẹ bá ti ní keloid rí, má ya tátúù. Bí ó bá jẹ́ ìyá rẹ, bàbá rẹ tàbí ọmọ ìyá rẹ ló ní in, lọ rí dókítà awọ ara kí o tó san kọ́bọ̀. Bí o bá ṣì fẹ́ yà á lẹ́yìn èyí, ìsàlẹ̀ apá tàbí ẹ̀yìn ojúgun ni kí o fi sí, kí ó kéré, kí ó jẹ́ ilà tín-ínrín. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi íǹkì kún ojú ibẹ̀ bámúbámú, torí bí abẹ́rẹ́ bá ṣe ń padà sójú kan náà tó ni ọgbẹ́ ṣe ń tóbi tó.

Bí o bá ń bóra

Ọ̀rọ̀ yìí kì í dùn ún sọ, àwọn oníṣẹ́ púpọ̀ kì í sì í béèrè nítorí kí oníbàárà má bàa bínú lọ. Ọ̀pọ̀ ìpara ìbóra ní clobetasol tàbí betamethasone nínú, òmíràn ní hydroquinone. Clobetasol àti ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìjìnlẹ̀ abẹ́rẹ́ tó tọ́ fún awọ ara tó péye yóò jìn jù fún awọ tó ti rí bẹ́ẹ̀: íǹkì á ràn, ẹ̀jẹ̀ á pọ̀, ọgbẹ́ á pẹ́ kó tó jiná, kòkòrò á sì ráyè wọlé. Bí o bá tún dáwọ́ ìpara náà dúró lọ́jọ́ iwájú, àwọ̀ ara rẹ á padà sí bó ṣe rí, tátúù tó hàn kedere lórí awọ pupa kò ní hàn bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àmì tí o lè fi mọ̀ ni iṣan ara tó ń hàn lábẹ́ awọ, oríkèé ìka tó dúdú nígbà tí ìyókù pupa, àti ilà gbọọrọ tó là sí apá àti itan. Bí o bá rí wọn, fi ìpara náà sílẹ̀ ní ibi tí o fẹ́ yà fún oṣù mẹ́ta, ó kéré tán. Ṣùgbọ́n bí o bá ti ń fi para fún ọdún pípẹ́, má dá a dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Awọ lè gbóná, kó pọ́n, kó sì máa ta ọ́. Jẹ́ kí dókítà awọ ara fọwọ́ sí bí o ṣe máa fà á sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹni tó ń lo oògùn isotretinoin fún iróòrẹ́ náà gbọ́dọ̀ dúró. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn hóró ìkẹyìn ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ àti dókítà máa ń sọ.

Àìsàn, oògùn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, kí ṣúgà ara rẹ̀ ti wà ní ìwọ̀n tó yẹ fún oṣù mélòó kan, kí ó sì yẹra fún ẹsẹ̀ àti ojúgun, torí ọgbẹ́ ibẹ̀ kì í tètè jiná. Fún ẹni tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, ìrora, òùngbẹ, òtútù yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù àti àkóràn jẹ́ ohun tó lè dá ìnira ara sílẹ̀. Kí dókítà rẹ̀ gbọ́ sí i kó tó lọ. Ẹni tó ń lo warfarin tàbí oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kò gbọdọ̀ dá a dúró nítorí tátúù láìbéèrè. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ní àléébù náà, kí ó béèrè, nítorí kòkòrò tó gba ojú ọgbẹ́ wọ ẹ̀jẹ̀ lè lọ jókòó sínú ọkàn. Aboyún àti ìyálọ́mọ tó ń fún ọmọ lọ́mú, ẹ jẹ́ kó di ìgbà tó yá. Bí o bá ní vitiligo, tó ń sọ ojú awọ di funfun, tàbí psoriasis, tó ń mú awọ pọ́n kó sì sé èépá, mọ̀ pé àìsàn méjèèjì lè yọ ní ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ti gún gan-an.

Lórí àjẹsára: hepatitis B, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, lè wà láàyè lórí tábìlì tàbí irinṣẹ́ fún ọjọ́ méje. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ni àgbàlagbà ń gbà fún un: ti àkọ́kọ́, èkejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta ní oṣù kẹfà. Bí o kò bá tíì gbà á, bẹ̀rẹ̀ báyìí. Hepatitis C kò ní àjẹsára rárá, HIV náà kò ní. Irinṣẹ́ tó mọ́ nìkan ni ààbò rẹ lọ́wọ́ wọn.

Ibi tí yóò wà, àti ẹni tí yóò bi ọ́ léèrè

Etí apá lókè, ìsàlẹ̀ apá, ẹ̀gbẹ́ itan àti ẹ̀yìn ojúgun ló rọrùn jù fún ẹni tó ń ya ti àkọ́kọ́. Egungun ìhà, abíyá, ẹ̀yìn orúnkún, ọrùn ẹsẹ̀ àti ojú egungun ẹ̀yìn ló ń ro jù. Àtẹ́lẹwọ́ àti ẹ̀gbẹ́ ìka kì í gba íǹkì dúró. Ẹni tó bá yà á síbẹ̀ á tún un yà léraléra. Ikùn obìnrin tó ṣì fẹ́ bímọ máa ń nà, àwòrán á sì bá a nà.

Ìkéde ìgbaniwọlé àwọn ológun Nàìjíríà máa ń sọ ọ́ kedere pé àwọn kò fẹ́ ẹni tó ní tátúù, kì í sì í ṣe èyí tó hàn síta nìkan. Ní báńkì àti ilé ẹjọ́, ibi tí aṣọ bò kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọrùn, ojú àti ẹ̀yìn ọwọ́ ni kí o rò dáadáa. Ti ẹ̀sìn, olúkúlùkù ló mọ ohun tó gbà gbọ́: nínú Islam, hadith lòdì sí i, àwọn Kristẹni a máa tọ́ka sí Léfítíkù 19:28, ìjọ kò sì fohùn ṣọ̀kan lórí ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àmì òrìṣà ni o fẹ́, bí àwọn ènìyàn wa ní Brazil àti Cuba ṣe ń ṣe, béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tẹ̀ ọ́ ní Ifá tàbí tó fi ọ́ jẹ òrìṣà bóyá èèwọ̀ kan wà níbẹ̀.

Ọmọdé kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Nàìjíríà, ọdún 2003, abala 24, kọ̀ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni ya tátúù tàbí kọ àmì sára ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Ìtanràn tí kò ju ₦5,000 lọ, ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù kan lọ, tàbí méjèèjì ni ìjìyà rẹ̀. Ní Britain, ọdún 18 náà ni, láti ọdún 1969. Ẹni tó sì máa ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ níbẹ̀ ní láti dúró fún oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tátúù. Bí ẹnì kan nínú ilé rẹ bá nílò ẹ̀jẹ̀ rẹ nígbà gbogbo, fi èyí sínú ìṣirò.

Àwòrán lórí awọ dúdú

Íǹkì wà ní abẹ́ ìpele tó gbé àwọ̀ ara wa dání, nítorí náà inú àwọ̀ ara la ti ń wò ó. Dúdú ló ń hàn jù, ó sì ń pẹ́ jù. Pupa tó jinlẹ̀ àti búlúù tó jinlẹ̀ máa ń hàn lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Funfun, òféfèé, òdòdó fẹ́ẹ́rẹ́ àti àwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀, owó tó dànù ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Pupa náà ló ń yún ènìyàn jù nínú gbogbo àwọ̀, ìyún náà sì lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù. Bí o bá fẹ́ àwọ̀ mìíràn yàtọ̀ sí dúdú, ní kí oníṣẹ́ fi àmì kékeré kan ti àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sí ibi tó pamọ́, kí o padà wá wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé awọ dúdú nílò kí wọ́n tẹ abẹ́rẹ́ jìn. Irọ́ ni, òun ló sì ń fa ọ̀pọ̀ àpá tó wú. Ohun tí awọ dúdú nílò ni àwòrán tí ilà rẹ̀ nípọn díẹ̀, tí àlàfo tó pọ̀ wà láàárín ilà kan àti èkejì, kí awọ fúnra rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ bí àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ nínú àwòrán. Gbogbo ilà ló ń fẹ̀ bí ọdún ti ń lọ. Ojú ènìyàn tó kéré bí owó ẹyọ yóò di àbàwọ́n.

Bí ọ̀rọ̀ Yorùbá ni o fẹ́ kọ, iṣẹ́ mìíràn tún wà níbẹ̀. Àmì ìsàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ ló kọ́kọ́ ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà. Jẹ́ kí lẹ́tà kékeré ga tó mílímítà 8, kí àlàfo mílímítà 2 wà láàárín lẹ́tà àti àmì tó wà lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni fún àmì ohùn lókè. Kọ ọ̀rọ̀ náà sórí ìwé, fún olùkọ́ Yorùbá tàbí ẹni tó mọ àmì ohùn dáadáa kó yẹ̀ ẹ́ wò. Má gbára lé ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì bá túmọ̀ fún ọ. Lẹ́yìn náà, fi í ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ bí àwòrán, kì í ṣe bí ọ̀rọ̀ nínú WhatsApp. Ọ̀pọ̀ irú lẹ́tà ológe tí wọ́n ń lò kò mọ àmì Yorùbá: ó máa ń jù wọ́n nù, tàbí kó gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà.

Fi làálì dán ibẹ̀ wò. Ní kí onílàálì ya àwòrán náà ní ìwọ̀n àti ní ibi tó máa wà gan-an. Ó máa ń gbé ara fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, lọ sí òde pẹ̀lú rẹ̀, wò ó nínú dígí ní òwúrọ̀. Bí ó bá ti sú ọ kó tó parẹ́, o ti rí ìdáhùn. Ṣùgbọ́n làálì gidi kì í dúdú kirikiri. Àwọ̀ osùn sí kọfí ló máa ń ní, ó sì nílò ọ̀pọ̀ wákàtí. Èyí tó bá dúdú láàárín wákàtí kan, àfàìmọ̀ kí wọ́n má ti po oògùn tí wọ́n fi ń pa irun láró dúdú mọ́ ọn. Kẹ́míkà PPD tó wà nínú rẹ̀ lè jó awọ títí á fi lé ròrò, ara sì lè kọ oògùn ìpa-irun-láró títí láé lẹ́yìn náà.

Yẹ ṣọ́ọ̀bù wò

Lọ síbẹ̀ láìmú owó dání. Ẹni tó bá kọ̀ kí o wo ibi iṣẹ́ òun ti dá ọ lóhùn.

Kọ́kọ́ béèrè àwòrán iṣẹ́ tó ti jiná, lórí awọ tó dúdú tó tìrẹ, tó ti lé ní oṣù mẹ́fà. Tátúù tí wọ́n yà lónìí máa ń dán nítorí íǹkì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, awọ sì wú díẹ̀. Kò sọ nǹkankan. Wò ó bóyá etí ilà mú tàbí ó ti ràn, bóyá ojú iṣẹ́ tẹ́jú tàbí ó wú.

Lẹ́yìn èyí, irinṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù tó dára ń lo kátíríìjì abẹ́rẹ́ tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Inú ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ pa ló máa ń wà, pẹ̀lú nọ́ńbà ìpele tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí yóò kọjá lò. Kí wọ́n tú u lójú rẹ. Kátíríìjì tó dára ní awọ rọ́bà kékeré nínú, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ padà wọ inú ẹ̀rọ. Béèrè bóyá tiwọn ní in. Bí irin kan bá wà tí wọ́n ń tún lò, inú autoclave, ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi pa kòkòrò, ló gbọ́dọ̀ ti jáde wá: ooru omi tó tó 121°C fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, lábẹ́ ìtẹ̀ tó yẹ. Omi gbígbóná lórí sítóòfù kò lè kọjá 100°C, àwọn kòkòrò kan sì ń yè é. Dettol, Izal àti ẹ̀mu ògógóró kò rọ́pò autoclave. Béèrè ìbéèrè tí kò wọ́pọ̀ yìí: kí ni wọ́n ń ṣe bí iná bá lọ nígbà tí autoclave ń ṣiṣẹ́? Ìdáhùn tó tọ́ ni pé wọ́n á bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá nígbà tí iná bá dé. Béèrè náà bóyá inverter wà, kí iná má lọ nígbà tí abẹ́rẹ́ wà lára rẹ.

Wo bí wọ́n ṣe ń lo íǹkì. Inú ife kékeré tí wọ́n á sọ nù ni wọ́n gbọ́dọ̀ dà á sí, ìyókù kò sì gbọdọ̀ padà sínú ìgò. Bí wọ́n bá fẹ́ po ó kó fẹ́ẹ́rẹ́ fún òjìji, omi tí wọ́n ti pa gbogbo kòkòrò inú rẹ̀, tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn, ni kí wọ́n lò. Píọ́ wọ́tà inú ọ̀rá ṣeé mu, kò ṣeé fi sábẹ́ awọ. Ní ọdún 2012, CDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Amẹ́ríkà, ròyìn àkóràn awọ tó ran àwọn ènìyàn ní Rochester, ní ìpínlẹ̀ New York, láti inú íǹkì aláwọ̀ eérú tí wọ́n ti pò tẹ́lẹ̀. Mycobacterium chelonae, irú kòkòrò tó máa ń gbé inú omi, ló fà á. Ó máa ń yọ bíi róró pupa ní ojú òjìji nìkan, oògùn tó sì ń pa á kì í ṣe èyí tí ènìyàn lè dá rà. Nípa íǹkì fúnra rẹ̀, ìgò tó ní orúkọ ilé iṣẹ́, ohun èlò inú rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí ni kí o gbà. Ìlànà REACH ti ìṣọ̀kan Yúróòpù, tó bẹ̀rẹ̀ ní January 4, 2022, fi òté lé ọ̀pọ̀ kẹ́míkà nínú íǹkì tátúù. Bí ìgò bá sọ pé òun bá ìlànà yẹn mu, ó sàn ju ìgò tí kò sọ nǹkankan.

Àwọn ohun kéékèèké ló ń tú àṣírí. Ó gbé fóònù pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tó fi ń ṣiṣẹ́, kò sì pààrọ̀ rẹ̀: dìde. Reṣà tó fi fá irun rẹ kò tuntun: dìde. Wáyà àti ara ẹ̀rọ kò ní ọ̀rá tí wọ́n fi bò wọ́n: béèrè. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n lò ń lọ sínú garawa ìdọ̀tí lásán dípò ike líle tí wọ́n ṣe fún un: wọn kò bìkítà fún ẹni tó ń kó ìdọ̀tí, wọn ò ní bìkítà fún ìwọ náà. Ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ àti íǹkì bíírò yà á ní ilé ẹ̀kọ́ tàbí níbi àríyá, a ò tilẹ̀ ní jíròrò rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ náà àti ọjọ́ náà

Yan ọjọ́ tí o kò ní lọ sí etíkun ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, tí kò sì ní sí ìgbéyàwó tí wàá ti wọ léèsì tó ń ha ara. Ìgbà ọyẹ́ máa ń jẹ́ kí awọ gbẹ kó sì là; ìgbà ooru ń mú òógùn wá. Méjèèjì ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n múra sílẹ̀ fún un.

Má mu ọtí fún wákàtí 24 ṣáájú. Má lo aspirin tàbí ibuprofen fún ìrora lásán, torí wọ́n ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Èyí tí dókítà kọ fún ọ, má dá a dúró. Sùn dáadáa, jẹun tó gidi ní wákàtí kan tàbí méjì ṣáájú, mú omi àti nǹkan dídùn díẹ̀ dání. Ẹni tí ebi ń pa ló sábà máa ń dá kú lórí àga. Má fá irun ibẹ̀ fúnra rẹ. Wọ aṣọ tó fẹ̀, tó dúdú.

Ìpara tó ń mú ara kú, tó ní lidocaine nínú, kò gbọdọ̀ kọjá ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ lórí èyí ní March 2024, torí pé tó bá pọ̀ lára, tí wọ́n sì fi ọ̀rá wé e, ó lè ba ìlù ọkàn jẹ́, kó sì fa gìrì.

Nígbà tí wọ́n bá lẹ bébà àwòrán mọ́ ara rẹ, dìde dúró, na apá, ká a, wò ó nínú dígí. Ka gbogbo lẹ́tà sókè. Bí ó bá ṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, ní kí wọ́n nù ún kúrò kí wọ́n tún un lẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta pàápàá kò burú.

Ohun tí o gbọ́dọ̀ ti ní nílé kí o tó lọ

Ọṣẹ tí kò ní òórùn, tíṣù tó mọ́, ìpara tí kò ní òórùn, àti aṣọ ìbùsùn tuntun tí o ti fọ̀. Ọṣẹ dúdú ń ta ọgbẹ́ jù, Dettol náà bẹ́ẹ̀, kànìnkànìn kò sì gbọdọ̀ súnmọ́ ibẹ̀. Òrí tí wọ́n ń wọ̀n ní ọjà dára fún awọ tó ti jiná, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ọgbẹ́ tó ṣí sílẹ̀, torí ọwọ́ púpọ̀ ló ti kàn án. Robb àti irú rẹ̀, rárá.

Oníṣẹ́ lè fi ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń jẹ́ kí awọ mí bò ó. Tẹ̀ lé ìgbà tó bá dá fún ọ. Bí kò bá sí èyí, fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, fi tíṣù tẹ̀ ẹ́ gbẹ, kí o fi ìpara tó kéré gan-an pa á: bí ó bá ń dán bí ọ̀rá adìẹ, o ti pa á jù. Ní bí ọjọ́ kẹrin sí ìkẹrìnlá, èépá á máa re, á máa yún ọ. Fi ọwọ́ gbá a fẹ́ẹ́rẹ́, má fi èékánná hú u, torí ibi tí o bá hú ni íǹkì á ti ṣófo. Kò sí odò, kò sí swimming pool fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ojú rẹ̀ á jiná láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, abẹ́ rẹ̀ tún nílò oṣù méjì sí mẹ́ta.

Pípọ́n àti gbígbóná díẹ̀ ní ọjọ́ kìíní sí ìkejì kò jẹ́ nǹkan. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn ọjọ́ kẹta ni pípọ́n náà ń tàn, tí ọyún ń jáde, tí ibà ń gbé ọ, ilé ìwòsàn ni kí o lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Má ra ampiclox lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì kí o máa gbé e mì ní méjì méjì. Bí wọ́n bá sì fẹ́ yẹ inú ara rẹ wò pẹ̀lú MRI, ẹ̀rọ tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì ya àwòrán inú ara, lọ́jọ́ iwájú, sọ fún wọn pé o ní tátúù. Kì í sábà ṣe nǹkankan, ṣùgbọ́n ó lè gbóná.

Bí o bá fẹ́ pa á rẹ́

Ṣírò èyí kí o tó yà á. Laser, ìmọ́lẹ̀ alágbára, ni wọ́n fi ń pa á rẹ́. Fún awọ dúdú, irú laser tí wọ́n ń pè ní Nd:YAG, ní 1064 nm (ìwọ̀n ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀), ló fọkàn balẹ̀ jù, íǹkì dúdú nìkan ló sì ń bá a mu dáadáa. Laser 532 nm tó ń fọ́ pupa, àwọ̀ ara wa fúnra rẹ̀ máa ń fà á mu, ó sì lè fi ojú funfun sílẹ̀. Ó sábà máa ń gba ìgbà márùn-ún sí mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ láàárín ìkọ̀ọ̀kan. Ó ju ọdún kan lọ nígbà mìíràn. Iye tí wọ́n ń gbà fún un máa ń kọjá owó tátúù fúnra rẹ̀ lọ jìnnà, àwọn kan á sì kù tí kò ní parẹ́ tán. Ìpara àti omi tí wọ́n ń tà lórí Instagram pé ó ń yọ tátúù, ásíìdì ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn: ìpele òkè ni wọ́n ń jó, íǹkì wà ní abẹ́ rẹ̀, nítorí náà ó máa ń ku tátúù àti àpá iná papọ̀.